Ọmọ ọlọ́dún 9 tó há gbogbo ìwé sórí, àmọ́ tí kò lè kà á

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọdún kẹta mi rèé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ 5 máa ń sọdá títì lọ sí Agbowó láti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Abẹ́ igi máńgòrò kan la ń lò, láti aago 4 títí di 5 ààbọ̀.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún 9 kan wà lọ́dọ̀ mi, kíláàsì kẹrin ló wà. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, ó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó ka ojú ewé kan látòkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. Inú mi dùn gan-an, àfi bí mo ṣe rí i pé ojú rẹ̀ ò sí lára ọ̀rọ̀, ara àwòrán ló wà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán náà, mo tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín, "goat". Ó dákẹ́. Ẹnu mi ló ń wò, bóyá á rí ìdáhùn níbẹ̀. Mo kọ "ewúrẹ́" sí pátákó, kò mọ ìyẹn náà.

Mo fẹ́ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ fún un, àmọ́ màmá rẹ̀ ò gbà. Ògì ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi. Yorùbá tó ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́ níbẹ̀?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ tí kò ní dà bíi pé mò ń kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ 5 péré ló sì kù ká wọ ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó lè há odidi ojú ewé sórí kì í ṣe olódo rárá. Níbi tí 60 ọmọ bá ti ń kígbe tẹ̀lé tíṣà, etí ni wọ́n fi ń kàwé.

Má fi a, b, d bẹ̀rẹ̀. Bi í pé kí ló máa ń ké bó bá ń kiri ògì. Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ké e gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Kó kà á fún ọ. Lẹ́yìn náà, gé páálí, kọ sílébù kọ̀ọ̀kan sórí tirẹ̀, pò wọ́n pọ̀, kó máa tò wọ́n. "A" tó wà nínú "ata" kò ní yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wo "a" ti Gẹ̀ẹ́sì nínú cat, cake àti call: ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé lẹ́tà dúró fún ohùn, èwo ni kó mú níbẹ̀?

Ní ti màmá rẹ̀, má ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ 3, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́:

Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's, lọ́dọ̀ wa níbí. Ọdún 6 ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Àbúrò màmá mi wà lára wọn. Títí dòní, Yorùbá ló fi ń ṣírò owó.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó dùn mí. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2022, oṣù 8 gbáko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa kàn lọ sílé ni. Wọn ò dágbére. Ọmọbìnrin mi ń gbé ìwé lọ jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Ó ní bóyá òun lòun ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìdánwò bá dé, ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ẹ̀ ń lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Màmá, ẹ má bínú lórúkọ wa. Mo ti kọ ọjọ́ tí màá lọ àti ọjọ́ tí màá dé sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.

"Ẹ ra ògì tútù o!" ló ké fún mi lánàá. Páálí 7 la gé. Ó tò ó, ó tún un tò, nígbà tó yá ló gbé "gì" ṣáájú "tú", ó ka "gìtú", ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ara mi bù máṣọ, torí kò sẹ́ni tó lè há ìyẹn sórí. Ó ń kàwé nìyẹn!

Màmá rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú abọ́ ògì. Wọ́n ní àwọn gbà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò gbọdọ̀ dúró o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, "ewúrẹ́" la máa kọ́kọ́ gé, ká tó padà sórí "goat".