Ìrírí èmi wẹ́dà: ìròyìn Kursk àti táǹkì tí mo jó

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ ti ń sọ ìròyìn tẹ́ ẹ gbọ́ rí tí ò kúrò lọ́kàn yín, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ má bínú.

Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Tákíè l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Rédíò ọ̀gá kì í dákẹ́, iná wà o, iná ò sí o. Wọ́n wá ní ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Kursk ti rì sínú òkun Barents, èèyàn 118 ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá ní ká pa máṣíìnì ká lè gbọ́ dáadáa. Èmi tó jẹ́ pé odò Ọbà lomi tó tóbi jù tí mo rí rí nígbà yẹn, mo ní ṣebí abẹ́ omi náà ni wọ́n ṣe é fún, báwo ló ṣe wá rì? Ọjọ́ 12 ló rì, ojoojúmọ́ la sì ń tẹ́tí torí wọ́n ní ó ṣeé ṣe káwọn kan ṣì wà láàyè, àmọ́ ìjọba wọn ò tètè gbà kí ará ìta wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ó di ọjọ́ 21 kí àwọn òmùwẹ̀ Norway tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Ọ̀gá mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Mo gba fíríìdọ̀mù, mo ṣí ìsọ̀ tèmi. Fọkanáísà kan gbé táǹkì afẹ́fẹ́ ẹ̀ wá, ìdí ẹ̀ ń jò. Mo jó o, ó dára lójú, mo kùn ún lọ́dà, mi ò fi omi ọṣẹ tó máa ń hó níbi tó bá ń jò yẹ̀ ẹ́ wò torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀sẹ̀ kejì, táǹkì yẹn bẹ́. Ọkùnrin náà ti lọ kírun, àánú Ọlọ́run nìyẹn, ìdí táǹkì fò lu ògiri ó sì dá a lu. Nígbà tí mo gbé e wò, ojú ibi tí mo jó náà ni, ìdọ̀tí irin há sáàárín, irin méjèèjì ò wọra dénú. Mo ra òmíràn fún un, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó rí oorun gidi sùn.

Ìgbà tí mo wá ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, Kursk yẹn ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ irin tó wà lára ọkọ̀ yẹn! Ó gùn tó mítà 154. Awọ méjì ló ní, irin tìta fẹ́lẹ́, tinú nípọn tó bíi mìlímítà 50, irú èyí tó jẹ́ pé èèyàn á jó o, á tún jó o lé e lórí, kó tó kún. Àárín awọ méjèèjì ni wọ́n to mísáìlì Granit 24 sí, 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, torí àwọn ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà tó ń gbé bàlúù ni wọ́n ṣe kàn án. Riàkítọ̀ níúkílíà méjì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́, ló ń gbé e rìn. Ìparí 1994 ló wọṣẹ́ ológun, owó ò sí lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nígbà yẹn torí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, 1999 ló lọ sí Mẹditaréníà lọ ṣọ́ àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún kejì ẹ̀ ló rì.

Tọ̀pídò, ìyẹn ohun ìjà tó ń sáré lábẹ́ omi, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánrawò ló dá a sílẹ̀. Hàídírójìn pẹróksáìdì àti kẹrosíìnì ló ń gbé e sáré, pẹróksáìdì yẹn ló jò, àwọn tó wádìí sì ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó lára tọ̀pídò náà ni ò mú. Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó bú gbàmù, ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀ àwọn tọ̀pídò tó kù tún bẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ gbọ́ ọ ní Norway. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ mi lónìí, ẹ máa rí ike omi ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ kankan ò ní kọjá ibẹ̀ láìjẹ́ pé mo dà á lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kú ewu o bọ̀dá. Pẹróksáìdì tẹ́ ẹ sọ yẹn, a máa ń dà á sójú egbò, á máa hó. Ọjọ́ kan wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀ sójú oòrùn lọ́dọ̀ wa, ìgò yẹn wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Ṣé òun náà ni?

Èmi: Òun náà ni mà, tiyín ni omi pọ̀ nínú ẹ̀, tiwọn le gan-an. Tó bá kan bàbà tàbí irin tó dógùn-ún, á di ooru àti ọ́síjìn lójijì, àyè ò ní gbà á mọ́.

Ọmọ Under G: Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí wọ́n ní wọ́n ṣì wà láàyè nígbà yẹn ńkọ́?

Èmi: Àwọn 23 ni, àbúrò mi. Wọ́n sá lọ sí yàrá kẹsàn-án lẹ́yìn ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ́síjìn bọ́ sínú omi tó ní ọ́ìlì, iná sọ, iná yẹn gba afẹ́fẹ́ tó kù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Dmitri Kolesnikov, ti kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé, inú òkùnkùn ló ti ń kọ ọ́, ó ń fọwọ́ wá ojú ìwé. Ara òkú ẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ọmọ ọdún 27 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó.