Ta ni yóò máa dáhùn? Ọ̀rọ̀ àpótí ṣáàtì fún ìsọ̀ aṣọ òkè n'Ìbàdàn

Àṣàkẹ́ (Manchester)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Olúyọ̀lé níbi gbogbo tí ẹ bá wà. Ẹ dákun, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ òkè lọ́jà Òjé. Láti ìgbà tí a ti bá a ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, àwọn tó ń gbéyàwó ní London, Atlanta àti Calgary ló wá pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìbéèrè wọn kì í tán. Èló ni ìró, gèlè àti ìborùn? Ṣé bí àwọ̀ yìí ṣe rí nínú fọ́tò náà ló ṣe rí lójú? Ṣé ó máa dé kí ọjọ́ ìyàwó tó pé?

Ẹnì kan ní ká fi àpótí ṣáàtì sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, irú èyí tó máa ń yọjú ní igun ìsàlẹ̀ tí á máa kí èèyàn. Ẹlòmíì ní WhatsApp ti tó. Ẹnì kẹta ní ká ra èyí tí AI wà nínú rẹ̀, pé kò ní sídìí fún ẹnikẹ́ni láti máa dáhùn mọ́. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀ọ̀dá Lékan (Houston)

Àṣàkẹ́, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, torí náà ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Kó o tó béèrè èwo ni ká lò, béèrè ta ni yóò jókòó tì í. Àpótí yẹn ń ṣèlérí pé èèyàn wà níbẹ̀. Tí oníbàárà bá kọ̀wé tí kò rí èsì, inú rẹ̀ á bàjẹ́ ju kí àpótí má sí rárá lọ. Mo ti rí ilé iṣẹ́ ńlá tó jẹ́ pé ẹni tó ń dáhùn ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, tí àwọn èèyàn ṣì ń kọ̀wé síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Wá wo aago. Nàìjíríà kì í yí aago padà bíi tiyín. Nígbà ooru, aago Manchester àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Nígbà òtútù, Ìbàdàn á fi wákàtí kan ṣáájú. Ìyẹn ò le. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà tó wà ní Calgary ni wàhálà: tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, aago 1 òru ti lù n'Ìbàdàn, tó bá sì jẹ́ ìgbà òtútù, aago 2 ni. Ta ló máa jí dá a lóhùn?

Tó bá jẹ́ àpótí orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì lo fẹ́ dandan, tawk.to wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń rówó ni pé kó o sanwó kí orúkọ wọn kúrò lára àpótí náà, tàbí kó o gba àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti máa bá ẹ dáhùn. Crisp àti Tidio náà ní ti ọ̀fẹ́, àmọ́ wọ́n fi ààlà sí i. Gbogbo wọn ló ní áàpù tí ẹ̀gbọ́n rẹ lè gbé sórí fóònù. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ sókè: tí oníbàárà bá ti pa ojú ìwé yẹn dé, ọ̀rọ̀ yín lè parí síbẹ̀, àfi tó bá ti fi ímeèlì tàbí nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ òkè kì í sì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà lójú ẹsẹ̀ kó máa lọ. Oníbàárà á béèrè lónìí, á lọ fi han ìyá rẹ̀, á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé àwọ̀ mìíràn lòun fẹ́. Lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé WhatsApp ló yẹ yín nìyẹn, kì í ṣe torí pé ọ̀fẹ́ ni.

Líǹkì lo máa fi so ó mọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Kọ wa.me/234, kó o wá to nọ́ńbà tó kù tẹ̀ lé e láìfi òdo àkọ́kọ́ sí i, láìsí àmì àròpọ̀, láìsí àlàfo. Òdo yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, wọ́n á fi í síbẹ̀, líǹkì ò ní ṣiṣẹ́. O tún lè fi ọ̀rọ̀ sínú líǹkì náà sílẹ̀, kí oníbàárà kàn fi ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, mo rí àlàárì kan lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín." Fi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ á ti mọ èyí tí wọ́n ń wò kó tó bi wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún fídíò àtijọ́ lórí YouTube o. Àwọn kan ṣì ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé Messenger ti Facebook sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ti pa ìyẹn ní May 9, 2024. Ṣáàtì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìsọ̀ lórí Google Maps náà, July 31 ọdún kan náà ni wọ́n yọ ọ́.

Alàgbà Akin (Toronto)

Lékan, o ṣeun. Èmi mọ ìgbà tí à ń sanwó òru mọ́jú ní káfẹ́ ní Mókọ́lá torí Yahoo Messenger nìkan, kí n lè bá àǹtí yín tó wà ní Peckham nígbà yẹn sọ̀rọ̀. Yahoo Messenger ọ̀hún dà? July 17, 2018 ni wọ́n tì í. BBM, ṣáàtì orí fóònù BlackBerry tí gbogbo Dùgbẹ̀ ń fi PIN rẹ̀ yangàn, May 31, 2019 ni tiwa mẹ̀kúnnù dópin. ICQ tó ti wà láti 1996, June 2024. Skype tí mo fi ń rí ojú ìyá mi, May 2025. Ẹ̀yin wá ń sọ̀rọ̀ WhatsApp bí ẹni pé Mápó ni, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí nídìí.

Ẹ lò ó o, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ kí ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ ní ìwé. Ìwé gidi, tàbí Excel bí ó bá wù ú: orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì, ohun tí wọ́n rà, ọjọ́ ìnáwó wọn. Nígbà tí BBM kógbá sílé, ẹni tó jẹ́ pé PIN nìkan ló fi mọ oníbàárà rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti wá a mọ́.

Múfú (Bódìjà)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Èmi wà nílé níbí, èmi ni mò ń dáhùn WhatsApp fún ìyá kan tó ń fi èlùbọ́ àti ẹ̀wà ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

WhatsApp Business ni kí ẹ̀gbọ́n ṣí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Láti 2018 ló ti wà, wọn kì í sì í gbowó rẹ̀. Kátálọ́ọ̀gì wà níbẹ̀ tí wọ́n á to aṣọ sí pẹ̀lú iye rẹ̀. Wọ́n lè kọ èsì pa mọ́: èmi á tẹ àmì sílaàṣì àti ọ̀rọ̀ kan, gbogbo àlàyé owó ìfiránṣẹ́ á yọ síta. Lébẹ́ẹ̀lì náà wà, mo fi ya àwọn tó ti sanwó sọ́tọ̀, àwọn tó ń retí ẹrù, àti àwọn tó kàn ń wò. Àwọn tó kàn ń wò ló pọ̀ jù, ẹ má bínú.

Bọ̀ọ̀dá Lékan, ẹ foríjì mí, èmi ò gbà pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ jí lóru. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù mẹ́ta sí i lè dúró di àárọ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí áàpù sọ pé "a ó kàn sí yín láìpẹ́", kí láìpẹ́ ọ̀hún wá di ọ̀túnla. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ wákàtí gidi síbẹ̀: "A ti ti ìsọ̀. Aago 8 àárọ̀ Ìbàdàn la ó dá yín lóhùn, ẹ ó bá èsì wa nígbà tí ẹ bá jí." Áàpù yẹn gbà kí ẹ yan wákàtí tí ọ̀rọ̀ náà á máa jáde. Kí aago 8 bá wọn nídìí fóònù ṣá.

Fídíò tún ni. Aṣọ òkè tí wọ́n yà lábẹ́ iná kì í jọ ara rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n gbé e síta ní àárọ̀, kí wọ́n yí i padà kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀, fídíò kúkúrú, dátà ń jẹ owó. Oníbàárà tó bá kọ̀wé, kí wọ́n kọ̀wé sí i. Èyí tó bá fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n fi ohùn fèsì. Ìyá ìyàwó tó máa san owó aṣọ náà, kì í tẹ nǹkan kan, ohùn ló ń fi ránṣẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Lékan (Houston)

Múfú, mo gbà fún ẹ. Síbẹ̀ ọ̀nà kan wà tí kò ní gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì WhatsApp kan lè wà lórí ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn yàtọ̀ sí fóònù àkọ́kọ́, kò sì pọn dandan kí fóònù yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá lọ l'Ójé tí bátìrì kú, ẹ̀rọ tó wà lókè òkun á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ní èèyàn ní Calgary, ẹ jẹ́ kó máa gba ti alẹ́. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí fóònù àkọ́kọ́ yẹn fún ọjọ́ 14, WhatsApp á já gbogbo àwọn yòókù kúrò.

Àṣàkẹ́ (Manchester)

Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Calgary! Báwo la ṣe máa wá so ó, nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn ni fóònù wà? Ṣebí fóònù yẹn ló máa ya àwòrán QR.

Ìyá Ìbejì (Dublin)

Kò di dandan kó jẹ́ QR. Kí ẹni Calgary yan "Link with phone number", ẹ̀rọ rẹ̀ á gbé kóòdù kan tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, ó parí.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olè ń gbà wọlé, Àṣàkẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Ẹnì kan á kọ̀wé pé kí ẹ bá òun dìbò fún ọmọ òun nínú ìdíje, pé ẹ tẹ kóòdù yìí. Kóòdù ìsopọ̀ ni, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tiwọn mọ́ yín nìyẹn. Òmíràn á lo orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀: "Àǹtí, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi fi dá padà." Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni wọ́n á fi ṣí àkáǹtì yín lórí fóònù tiwọn. Tí wọ́n bá ti wọlé, gbogbo oníbàárà ni wọ́n máa kọ̀wé sí pé nọ́ńbà báǹkì ti yí padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú ìjọ wa, owó aṣọ ẹbí odidi ìdílé ló bá a lọ.

Nítorí náà, kí wọ́n lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí wọ́n yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tiwọn, kí wọ́n fi ímeèlì sí i. Kí wọ́n sì máa yẹ Linked devices wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; èyí tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì sínú ṣáàtì kankan. Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó gbà á, àmọ́ ti àpótí orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni àpótí ni ọ̀rọ̀ yín ń sùn sí. Tí ẹ bá sì ń tajà fún àwa tó wà ní Yúróòpù, òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, kàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òjé ni ìsọ̀ wà. Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀ ní 2023. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe sí ojú ìwé kan lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín.

Àṣàkẹ́ (Manchester)

Ẹ ṣé gan-an mà. AI ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ń pè mí ṣáá.

Bọ̀ọ̀dá Lékan (Houston)

Jẹ́ kó máa pè. Ọ̀ràn kan wà ní Kánádà tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Bot orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì Air Canada, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn fúnra rẹ̀, sọ fún èrò kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé ó lè béèrè ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ọlọ́fọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ náà kò gba ìyẹn láyè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní British Columbia, ilé iṣẹ́ ní bot ọ̀hún ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀ ní February 2024, pé ẹni tó ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì ló ni ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n san nǹkan bíi 812 dọ́là Kánádà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lè san ìyẹn láìmọ̀ ọ́n lára. Tí bot ẹ̀gbọ́n rẹ bá wá ṣèlérí fún odidi ẹbí pé aṣọ á dé kó tó di Sátidé ńkọ́?

Ó lè sọ wákàtí tí ìsọ̀ ń ṣí, ó lè ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn fìlà. Iye owó àti ọjọ́ tí ẹrù máa dé, èèyàn ni kó sọ ọ́. Kó o tó san kọ́bọ̀, kọ Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i láìsí àmì ohùn, bí àwọn oníbàárà yín ṣe ń kọ ọ́, kó o gbọ́ ìsọkúsọ tó máa sọ.

Tí onítọ̀hún bá sì ní API ti WhatsApp, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ fi ń bá WhatsApp ṣiṣẹ́, lẹ nílò, bi í ní iye rẹ̀. Lórí ìyẹn, tí oníbàárà bá kọ̀wé, ẹ ní wákàtí 24 láti fèsì bó ṣe wù yín. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ tí Meta ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì máa sanwó rẹ̀. Ìsọ̀ Òjé kò tíì dé ibẹ̀.

Alàgbà Akin (Toronto)

Kí n tó lọ sùn: síìmù tí wọ́n fi ṣí WhatsApp yẹn, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? NIN ta ni? Ẹ má sì jẹ́ kí síìmù náà kàn wà nínú dúrọ́ọ̀ o. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé tí wọn ò bá fi pe ẹnikẹ́ni, tí wọn ò fi ra nǹkan kan fún ọjọ́ 180, ilé iṣẹ́ lè tì í. Tó bá wá tó ọdún kan, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà lókè òkun ni nọ́ńbà ilé wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ báyìí.

Àṣàkẹ́ (Manchester)

Yéè! Ọmọ iṣẹ́ kan tó ti gba òmìnira ló forúkọ sílẹ̀ fún síìmù yẹn.

Múfú (Bódìjà)

Kò le. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni síìmù pẹ̀lú NIN wọn, wọ́n á yí i sí orúkọ ẹ̀gbọ́n. Tí ọmọ náà bá kọ̀, ẹ ra síìmù tuntun kí ẹ lo "Change number" nínú WhatsApp, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ wá rántí yí líǹkì orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì o.

Àṣàkẹ́ (Manchester)

Ọmọ náà ṣì wà l'Ójé, ìsọ̀ kejì sí tiwọn. Màá pè wọ́n lálẹ́.

Ìyá Ìbejì (Dublin)

Má dúró dalẹ́. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ báyìí, kí wọ́n fi PIN mẹ́fà yẹn sí i kí wọ́n tó lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.