Ìdánwò tó fìdí rẹmi, ìdánwò tó dákú

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú dábàá pé kí á pe ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kọ lẹ́yìn tó bá ti dán sọ́fítíwíà wò ní "àbájáde ìdánwò", kí á sì pe gbogbo ohun tí kò bá dáa nínú rẹ̀ ní "àṣìṣe". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Àbájáde ló wà nínú fáìlì XML (ìwé tí kọ̀ǹpútà ń fi àmì tò) tí JUnit, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dán sọ́fítíwíà wò, sọ di àṣà, tí pytest, irinṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀, náà lè kọ: orúkọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lò. Èyí tó yege kì í tiẹ̀ ní àmì kankan lára. Ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn? Bí mo bá rán ọmọ lọ sọ́jà Kàbà, àbọ̀ ni mò ń retí, n kò ní kó gbé ọjà wálé. "Ìjábọ̀ ìdánwò" ni tèmi. "Ìròyìn" ti jẹ mọ́ rédíò jù.

Ti "àṣìṣe" ló ká mi lára. Ọ̀tọ̀ ni "failure" nínú fáìlì yẹn, ọ̀tọ̀ ni "error". Ọmọ tó kọ ìdánwò tán tó gba òdo, ó fìdí rẹmi: "failure" nìyẹn. Èyí tó dákú kó tó ṣí bébà ńkọ́? "Error" ni tirẹ̀.

Mo kọ ètò kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ta kajú níbí. Mo tẹ ìjábọ̀ àkọ́kọ́ jáde, mo kọ "Àṣìṣe 5" gàdàgbà sórí rẹ̀. Màmá tó jẹ́ akápò yọ gíláàsì ojú wọn. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo ṣi owó wa kà ni?" Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo tún un kọ:

"1 fìdí rẹmi: àpò kajú 3, kílò 80 lọ́kọ̀ọ̀kan. 240 ló yẹ kó jẹ́, 160 ló kà. 4 dákú: ibi tí a kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí kò ṣí, ètò kò tíì sọ nǹkan kan."

Màmá wò ó fẹ̀rẹ̀. "Ó fo àpò kan nìyẹn." Òótọ́ ni, àpò tó kẹ́yìn ni kò kà. Èmi tí mo kọ ètò náà kò tètè rí i tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a kò dán wò rárá, ẹnì kan ní "ìrékọjá". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Bíbélì. "A fò ó" ti tó, kí á ṣáà kọ ìdí rẹ̀ sí i.

Ó wá ku ọ̀kan tí n kò rí orúkọ fún: ìdánwò tí a ti sàmì sí tẹ́lẹ̀ pé yóò fìdí rẹmi, tó wá lọ yege. XPASS ni pytest ń pè é. Màmá akápò ní kí á pè é ní "àìròtẹ́lẹ̀". Mi ò tíì gbà. Kí lẹ̀yin ní?