Kámẹ́rà tí ń jẹ́ ká yan fókọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí a ti ya fọ́tò tán: ṣé ó wúlò fún iṣẹ́ òde?

Stúdíò Alágbàkà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kámẹ́rà Lytro Illum àlòkù kan wà nílẹ̀ fún títà ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹni tó ń tà á ní a ò ní máa wá fókọ́ọ̀sì (ibi tí fọ́tò máa mọ́ kedere) kiri mọ́. Ká ṣáà ti tẹ̀ ẹ́, tá a bá délé la ó yan ojú ìyàwó tàbí ojú ọkọ lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ìdána àti ìgbéyàwó ni tiwa, nínú The Dome àti káàkiri, pẹ̀lú Ọdún Ẹkìmògún ní Oǹdó. Fírémù íńṣì 16 nípa 24 ni oníbàárà máa ń béèrè. Fọ́tò tó ń dùn wá jù ni èyí tí gèlè mọ́ kedere tí ojú ẹni tó wé e wá ṣe bàìbàì. Ṣé kámẹ́rà yìí lè gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀? Kí la máa yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Ìtànṣán

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kámẹ́rà tí gbogbo wa ń lò, iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí píksẹ́lì (àmì wẹ́wẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ló mọ̀, kò mọ igun tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà wọlé. Ti Lytro, wọ́n tẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ síwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí píksẹ́lì tò sí. Lórí Illum, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó máíkírọ́nù 20 (máíkírọ́nù ẹgbẹ̀rún kan ni mílímítà kan), píksẹ́lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ máíkírọ́nù 1.4, nítorí náà píksẹ́lì bíi 14 ló tò ní ìbú lábẹ́ lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tó wà lápá kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tó gba ọwọ́ òsì lẹ́ńsì ńlá wọlé, èyí tó wà lápá kejì ń gba ti ọwọ́ ọ̀tún. Bí kọ̀ǹpútà bá ti mọ igun ìtànṣán kọ̀ọ̀kan, ó lè ṣírò ibi tí wọn ì bá ti pàdé ká ní ẹ ti yí fókọ́ọ̀sì síwájú tàbí sẹ́yìn. Èrò náà pẹ́: Gabriel Lippmann ti gbé e kalẹ̀ ní 1908. Ren Ng ló sọ ọ́ di kámẹ́rà ọwọ́, látinú ìwádìí tó ṣe ní Stanford, tó parí ní 2006. Lytro àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní 2012, Illum tẹ̀ lé e ní 2014, $1,599 ni wọ́n ń tà á nígbà náà.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ máa pàdánù nítorí rẹ̀. Píksẹ́lì tí ẹ bá fi mọ igun, ẹ ò lè tún fi ya àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ Illum ní píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 40, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 4 péré ló ń jáde, 2450 nípa 1634. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí íńṣì kan, íńṣì 8 nípa 5 àti díẹ̀ ni. Ẹ wá fà á dé fírémù 16 nípa 24, ó di 102 sí íńṣì kan: irun ìpéǹpéjú á lẹ̀ pọ̀, ọnà ara aṣọ òkè á yọ́ mọ́ra wọn. Ti Lytro àkọ́kọ́ tún kéré sí i, 1080 nípa 1080. Ìdí nìyẹn tí ẹnu àwọn ayafọ́tò kò fi kò lórí rẹ̀ nígbà tó jáde. Ẹni tó ń gbé fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìn ín. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà ṣírò íńṣì, ó sì kọjá lọ.

Òkè Ìdànrè

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Mo fi èyí kún un, nítorí òun ló máa já yín kulẹ̀ jù lójú agbo.

Fífẹ̀ ihò lẹ́ńsì ló ń mú kí igun ìtànṣán yàtọ̀ síra. Gígùn fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì Illum bẹ̀rẹ̀ láti mílímítà 9.5, f/2 ló sì ń dúró sí, ìyẹn ni pé ihò rẹ̀ jẹ́ gígùn yẹn tí a fi 2 pín. Ẹ fi 2 pín in: ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 4.75. Bí ẹbí méjìlá bá tò sí mítà 4 síwájú irú ihò bẹ́ẹ̀, ìtànṣán wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra, kò sí nǹkan gidi tí ẹ máa yàn. Tí ẹ bá fa súùmù dé òpin rẹ̀, mílímítà 77.8, ihò á fẹ̀ tó 38.9, ìgbà yẹn ni yíyan fókọ́ọ̀sì tó ń hàn dáadáa, bí nǹkan náà bá sún mọ́ yín. Ẹ gbé e lọ sórí Òkè Ìdànrè, àpáta tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo rẹ̀ á mọ́ bákan náà.

Ohun tó sì ń ba fọ́tò òde jẹ́ kì í sábà jẹ́ fókọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ẹni tó ń náwó fún ìyàwó ń yára, ẹ sì fi ṣọ́tà (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá: bàìbàì tí ìrìn ọwọ́ fà nìyẹn, igun ìtànṣán kankan kò lè dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú tó dijú, àti ìmọ́lẹ̀ tí kò tó.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ béèrè káàdì kékeré tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́, kí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú caldata wà lórí rẹ̀. Bí lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ ṣe jókòó lórí sẹ́ńsọ̀ kò bára mu láti kámẹ́rà kan sí òmíràn, inú fáìlì yẹn ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti kámẹ́rà ẹlòmíràn kò ní ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Lytro ti kógbá wọlé ní 2018, nítorí náà ẹ rí i pé Lytro Desktop, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí fọ́tò rẹ̀, ṣí lójú yín, kó sì tú fáìlì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fáìlì kan tó bíi 50 MB. Ẹgbẹ̀rún kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó, 50 GB nìyẹn.

FUTA Àríwá

Ẹ má jù ú nù pátápátá o. Fún ìwádìí, ó níyì. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi ń mú bí nǹkan ṣe jìn tó, kòkòrò tó ń rìn lórí pádi kòkó kò sì ní dúró de fọ́tò mẹ́wàá. Raytrix ní Jámánì ń ṣe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ fún wíwọn nǹkan ní ilé iṣẹ́. Fún ìgbéyàwó ṣá, rárá.

Stúdíò Alágbàkà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, a ò rà á mọ́. Gèlè wá ńkọ́? Fóònù tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì ńkọ́? Àti òrùka, tí iwájú rẹ̀ máa ń mọ́ tí ẹ̀yìn kì í mọ́?

Ìtànṣán

Ti fóònù kò pẹ́ sọ: kò yan fókọ́ọ̀sì kankan. Ohun tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń bò, ojú tó bá ti bàìbàì látilẹ̀ kò lè mọ́. Ẹ sì wo etí gèlè àti ihò léèsì, ó máa ń gé wọn jẹ.

Gèlè: ibi tí àwọ̀ ti yàtọ̀ síra gan-an ni kámẹ́rà ń wá fún fókọ́ọ̀sì, etí gèlè tó ń dán, tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́, sì ń fà á ju awọ ojú lọ. Lórí kámẹ́rà full frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi bíi fíìmù àtijọ́), lẹ́ńsì 85mm ní f/1.8, tí ẹni náà wà ní mítà 2, ibi tó máa mọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 lápapọ̀, 3 síwájú, 3 sẹ́yìn. Bí etí gèlè bá yọ síwájú ojú ní sẹ̀ǹtímítà 8, tó sì jẹ́ òun ni kámẹ́rà mú, ojú ti lọ nìyẹn. Ẹ yan ojúàmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ẹ gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ yín, ẹ má sì yí kámẹ́rà lẹ́yìn tó bá ti mú un. Ẹ dín ihò kù sí f/4. Bí wọ́n bá ń jó, AF-C (fókọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn) àti ṣọ́tà 1/250, kí ISO (agbára tí kámẹ́rà fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè) gòkè bó ṣe fẹ́. Ẹ máa fi bọ́tìnì fa ẹyinjú súnmọ́ lórí síkírìnì kí ẹni náà tó kúrò.

Fún ẹbí tó tò ní ìlà mẹ́ta: 35mm, f/5.6, fókọ́ọ̀sì sí ìlà iwájú ní mítà 3. Láti mítà 2.1 títí dé 5.1 ló máa mọ́.

Oǹdó Ẹkìmògún

Òrùka ni tèmi. Lẹ́ńsì máákírò (tó ń ya nǹkan kékeré nítòsí) 100mm, f/8, kí òrùka hàn ní ìdajì títóbi rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀: ibi tó mọ́ á jẹ́ mílímítà 3 tàbí kó dín díẹ̀. Òrùka tó dùbúlẹ̀ jìn tó mílímítà 20 láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ yà á lọ́nà 11, kí ẹ máa sún fókọ́ọ̀sì ní mílímítà 2, láti etí iwájú lọ sẹ́yìn, láìfo ibì kan. Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fókọ́ọ̀sì ọwọ́, ètò ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tí a fi sójú kan. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ yí òrùka ká, nítorí àwòrán máa ń fẹ̀ tàbí kéré díẹ̀ bí fókọ́ọ̀sì ṣe ń yí.

Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, ó ń gbọn tábìlì láìfojú rí. Ẹ pa á, tàbí kí ẹ fi fláàṣì ya gbogbo rẹ̀. Láti da fọ́tò 11 náà pọ̀ di ọ̀kan tó mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, nínú Photoshop, ẹ yan Load Files into Stack, lẹ́yìn náà Auto-Align, lẹ́yìn náà Auto-Blend sí Stack Images. Bí ìlà bàìbàì kan bá dúbúlẹ̀ láàárín wúrà tó mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, àlàfo ti wà láàárín fọ́tò méjì níbẹ̀. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ yà, mílímítà 1.5 ní ìṣísẹ̀ kan.