Àbọ̀: owó iṣẹ́ òru tí wọ́n gé láìfọ̀rọ̀ lọ̀ wá

Ẹ ṣé o. Ohun tí mo bi yín nìyí: ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní London gé owó òru wa láti £15.50 sí £14 ní wákàtí. Wọ́n ti dá a padà.

Lẹ́tà "mò ń báṣẹ́ lọ, àmọ́ mi ò fara mọ́ owó yìí" la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ tó ń gbowó tuntun, wọ́n lè ní ó ti gbà. Mo ṣírò rẹ̀ síbẹ̀: òru 12 lóṣù, wákàtí 10 lóru, oṣù 3, £540, mo so payslip mọ́ ọn, mo sì tọ́ka sí abala 13 Employment Rights Act 1996, òfin tí kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ṣàdédé gé owó òṣìṣẹ́. Wọ́n fi gbólóhùn "a lè yí owó padà" inú ìwé àdéhùn dáhùn. Ìgbà tí mo kàn sí ACAS, àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, lohùn yí padà.

Nígbà tèmi, oṣù 3 ó dín ọjọ́ 1 ni gbèdéke láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ACAS, láti ìgbà tí wọ́n gé owó náà kẹ́yìn. Ẹjọ́ tí a bá fi sun ọ̀gá nínú ilé iṣẹ́ kì í dá gbèdéke yẹn dúró o!

Àfikún owó iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé pẹ̀lú ò padà, kò sí nínú ìwé àdéhùn. Owó ìsinmi tí wọ́n fi £14 ṣírò ni mo ṣì ń lé.