Báwo ni mo ṣe lè dá yàrà ogun mọ̀ yàtọ̀ sí ojú àgbàrá?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo ń gbé. Kòtò gígùn kan wà nínú oko bàbá mi tí mo rò pé yàrà ìlú ni, ìyẹn kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká láti dá ọ̀tá dúró, láyé ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà ní àwọn ọdún 1880. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n: ó jìn tó ìdúró àgbàlagbà, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlú sì ga ju ti ìta lọ, bí ìgbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi. Àwọn àgbà kan ní yàrà ni, àwọn kan ní àgbàrá ló gbẹ́ ẹ. Lórí máàpù Google, igbó ló bò ó. Katakata ń bọ̀ wá dí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè wò lára ilẹ̀ náà tó máa fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ?