Ìkẹ́nnẹ́ sí Adámásingbà, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa n'Ìkẹ́nnẹ́, fẹ́ lọ bá 3SC (Shooting Stars) gbá bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn, àwa mẹ́rin la máa lọ, bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ dání, àtìgbà tá a ti gba líìgì ní 2025 lọmọ ọ̀hún ò ti jẹ́ ká sinmi. Ibo la máa bọ́ sí? Ṣé a lè padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ará Ìperu: Ẹ gba ọ̀dọ̀ wa já sí Ògèrè, ẹ wọkọ̀ Ìbàdàn lójú ẹsipirẹ́sì, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Challenge kẹ́ ẹ wọ táksí. Ẹ ṣáà ní Lekan Salami, pápá ìṣeré tó wà l'Ádámásingbà.

Ìyá Ṣàgámù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà lálẹ́ o, kí bọ́ọ̀lù tó parí kí èrò tó túká ilẹ̀ á ti ṣú, tírélà ojú ọ̀nà yẹn ò ṣeé bá ṣeré, èmi ti rìn ín rí tí àyà mi ń já títí mo fi délé. Ẹ sùn sọ́dọ̀ ẹbí. Jẹ́sì búlúù Remo Stars yẹn, inú báàgì ni kó wà títí ẹ ó fi rí àwọn èèyàn wa.

Ọmọ Rẹ́mọ: Ẹ ṣé gan-an mà. Àǹtí wa kan wà ní Mọ́kọ́lá, màá pè wọ́n.